Iṣẹ́ Ìjọba àti Iṣẹ́ Aládàáni: Ohun Tí Ìwé Owó Oṣù Kò Sọ Tán

Ní gbogbo ọjọ́ ìpín-ẹ̀bùn ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí kì í ṣàì bi àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bí a bá ti jókòó tì wọ́n lábẹ́ àtíbàbà. Wọn a ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣáájú, ọmọ wa yìí kò ní pẹ́ jáde. Ṣé iṣẹ́ ìjọba ni kí ó máa wá, tàbí kí ó kọrí sí ilé iṣẹ́ aládàáni?" Ìdáhùn tí wọ́n ń rí gbà kì í dọ́gba. Ẹni tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba yóò ní kí ọmọ náà má tan ara rẹ̀ jẹ, pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ju owó lọ. Ẹni tí ó wà ní báǹkì yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì bèèrè bóyá ìfọ̀kànbalẹ̀ ni a fi ń san owó ilé.

Ní ọdún àjọ̀dún yìí, àwa mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ tí ó kó ìwé ìrántí yìí jọ pinnu láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bí ó ti yẹ. Ọ̀kan nínú wa fẹ̀yìn tì ní ìpele kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Èkejì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún ní báǹkì. Ẹ̀kẹta ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, ènìyàn mọ́kànlá ni ó sì ń san owó oṣù fún. A kó ìwé owó oṣù wa jáde, àtijọ́ àti tuntun, a tẹ́ wọn sórí tábìlì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Kọ́kọ́rọ́ tí ọlọ́dẹ ń mì lẹ́nu ọ̀nà ni ó tú wa ká ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí a rí kò bá èrò ẹnikẹ́ni nínú wa mu pátápátá, òun ni a sì fẹ́ là yé yín.

Orúkọ méjèèjì tí a ń pè yìí fẹ̀ ju bí a ti ń rò lọ. Nígbà tí ẹnìkan bá wí pé òun ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ó lè jẹ́ agbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó wà ní Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tàbí ilé iṣẹ́ epo ìjọba, níbi tí owó oṣù ti jọ ti aládàáni ńlá ju ti ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Bákan náà ni "aládàáni" ṣe kó ilé iṣẹ́ epo tí ó wà ní Victoria Island àti ìyá aránṣọ tí ó ní ẹ̀rọ méjì pọ̀ sínú àpò kan. Ìwádìí tí àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2023 fi hàn pé nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó ju mẹ́sàn-án lọ tí iṣẹ́ wọn kò sí lábẹ́ ìlànà òfin iṣẹ́ rárá: oko, ọjà, ìsọ̀ mẹkáníìkì, ìdí aṣọ rírán, orí ọ̀kadà. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó jẹ́ ọ̀gá ara wọn. Nítorí náà, bí a bá ní aládàáni ń sanwó ju ìjọba lọ, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tí ó wọ aṣọ tí ó gún régé, tí káàdì ilé iṣẹ́ wà lọ́rùn wọn, ni ọkàn wa ń lọ sí. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú aládàáni kò sí nínú àwòrán náà.

Bí a bá wá fi wọ́n wé ara wọn ní ìpele dé ìpele, nǹkan yóò yí padà. Ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa, owó oṣù ìjọba dà bí ògiri tí a tẹ̀ láti òkè tí a sì gbé láti ìsàlẹ̀: ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ tó ti aládàáni, òkè rẹ̀ kò sì ga tó ti aládàáni. Agbálẹ̀, awakọ̀ àti akọ̀wé kékeré tí ìjọba gbà síṣẹ́ sábà máa ń gbà ju ẹgbẹ́ wọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ náà fún ẹni aládàáni. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà, oníṣirò owó àti ọ̀gá àgbà, ilé iṣẹ́ aládàáni ńlá yóò ti fi ìjọba sílẹ̀ lẹ́yìn, nígbà mìíràn ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló fa èyí? Ní ìsàlẹ̀, òfin àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó ń gbé owó ìjọba ró. Òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ ti ọdún 2024 sọ pé kò gbọdọ̀ sí òṣìṣẹ́ tí yóò gba ohun tí ó dín ní 70,000 náírà lóṣù, Ìpínlẹ̀ Èkó sì gbé tirẹ̀ dé 85,000. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa onílé ìtẹ̀wé tí ó ní òṣìṣẹ́ mọ́kànlá kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ fún wa pé méjì nínú wọn kò gba iye náà, kò sì fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀: "Bí mo bá san án, n ó ní láti lé ẹnìkan lọ." Ní òkè, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Ìjọba kì í lè fún ẹnjiníà kan ṣoṣo ní owó ọ̀tọ̀ nítorí pé ó mọṣẹ́. Ìpele rẹ̀ ni a ń wò, bí a bá sì fún un, gbogbo àwọn tí ó wà ní ìpele náà yóò bèèrè. Aládàáni kò ní ìdènà yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá dúró ni yóò dá dúró.

Ìtàn kan wà tí àwọn àgbà inú wa kò lè gbàgbé, tí ó sì fi bí ìhà méjèèjì ti so mọ́ ara wọn hàn ju ìṣirò lọ. Owó epo rọ̀bì fò sókè ní ọdún 1973 sí 1974, àpò ìjọba sì kún. Ṣáájú ìgbà náà, ìgbìmọ̀ Olóyè Simeon Adebo, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìwọ̀ Oòrùn, ti ṣe àtúnyẹ̀wò owó oṣù ní ọdún 1970 àti 1971. Ní ọdún 1972, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon gbé ìgbìmọ̀ mìíràn kalẹ̀ lábẹ́ Olóyè Jerome Udoji. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí kì í ṣe ti owó nìkan. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà tí ìjọba ń gbà ṣiṣẹ́ yí padà, kí a máa fi àbájáde iṣẹ́ wọn òṣìṣẹ́, kí a to gbogbo òṣìṣẹ́ sórí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo láti ìpele kìíní dé ìkẹtàdínlógún, kí owó wọn sì súnmọ́ ti aládàáni kí àwọn ọlọ́gbọ́n má baà máa sá lọ. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí i ní ìparí ọdún 1974, owó oṣù ni ó gbawájú, ìyókù di ẹrù ẹ̀yìn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá di ẹni tí ń gba 720 náírà lọ́dún, a sì san èyí tí ó ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Owó Udoji dé! Bí a ti ń pè é títí di òní nìyẹn. Olùkọ́ tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ilé ẹ̀kọ́ gun alùpùpù tuntun wọlé. Rédíò ńlá, aṣọ olówó iyebíye, ìgbéyàwó tí a ti sún síwájú, gbogbo rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni ń wo aládùúgbò wọn, inú wọn kò sì dùn. Ẹni tí ó bá mọ òwe àwọn alágbàṣe inú ọgbà àjàrà nínú Ìhìn Rere Matteu yóò mọ bí ọkàn wọn ti rí: owó tí ó tó wọn lánàá kò tó wọn mọ́ nígbà tí wọ́n rí ti ẹnìkejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀ ní báǹkì àti ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ káàkiri, àwọn agbanisíṣẹ́ aládàáni sì ní láti san tiwọn náà. Báyìí ni àlàfo tí ìgbìmọ̀ Udoji fẹ́ dí tún ṣí sílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn onílé gbọ́ pé owó dé, wọ́n fi kún owó ilé. Àwọn ìyá ọlọ́jà náà gbọ́. Iye tí nǹkan fi wọ́n sí i ní ọdún 1975 lé ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò sí ní iṣẹ́ ìjọba, tí kò sí ní iṣẹ́ aládàáni ńlá, àgbẹ̀ àti aláàárù, òun ni ó san owó Udoji láìjẹ nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni a ti ń fi iye náírà tan ara wa. Ní ọdún 1981, owó oṣù tí ó kéré jù lọ jẹ́ 125 náírà. Ọmọ tí ń ka èyí lónìí lè rẹ́rìn-ín, nítorí iye yẹn kò ra búrẹ́dì ẹyọ kan mọ́. Ṣùgbọ́n dọ́là kan kò tó náírà kan nígbà náà. 125 náírà yẹn tó nǹkan bí 200 dọ́là. Owó 70,000 tí a fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí a ń fi nǹkan bí 1,600 náírà ra dọ́là kan, kò pé 45 dọ́là. Ìyọkúrò owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 àti bí náírà ti já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ó parí iṣẹ́ náà. Èyí kan ìjọba, ó kan aládàáni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ aládàáni tí ọjà rẹ̀ ń tà lè fi kún owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́la, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba ní láti dúró de òfin tuntun. Òfin 2024 ti sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ọdún márùn-ún ni tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò kékeré kan, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò rí iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wọ iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní 85,000 náírà lóṣù. Àbúrò rí iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní 100,000 náírà. Gbogbo ẹbí yóò kí àbúrò kú oríire. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ náà, bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í sanwó ní àkókò ìsinmi gígùn. Oṣù mẹ́wàá ni ó ń san lọ́dún. Owó àbúrò jẹ́ 1,000,000 náírà ní ìparí ọdún. Ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ 1,020,000. Lẹ́yìn èyí, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún ìdá mẹ́jọ tí òṣìṣẹ́ ń dá nínú owó rẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ náà bá ń tẹ̀lé e, tí a sì ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo owó ẹ̀gbọ́n, 102,000 mìíràn wọ inú àpamọ́ rẹ̀ lọ́dún tí kò fojú rí. Ó ti di 1,122,000. A kò tíì ka owó ìsinmi ọdọọdún mọ́ ọn, a kò ka ìsinmi ìbímọ tí a ń sanwó fún, a kò sì ka pé báǹkì àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò yá ẹ̀gbọ́n lówó nítorí wọ́n mọ ibi tí owó oṣù rẹ̀ ń gbà wọlé. (Àwọn kan yóò bèèrè ìdí tí a kò fi ka owó ẹ̀yìn. Ìwé ìrántí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Ọlọ́run ni èyí. A kò ní kà á.)

Ọ̀rẹ́ wa tí ó fẹ̀yìn tì kò jẹ́ kí á yin ìjọba kọjá ààlà. Ó rán wa létí ọdún 2015, nígbà tí owó epo já wálẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò lè san owó oṣù, tí ìjọba àpapọ̀ fi ní láti dìde fún wọn. Ó mọ òṣìṣẹ́ ìpele kẹwàá tí ó ń fi ìdajì owó oṣù gbọ́ bùkátà. Ó mọ ẹni tí a yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó rẹ̀ lóṣooṣù, tí kò sì dé inú àpamọ́ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ dúró fún oṣù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí owó àsanpọ̀ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó jáde. Ìdánilójú iṣẹ́ ìjọba ni pé wọn kò ní lé ọ lọ. Kì í ṣe pé wọn yóò san án ní ọjọ́ tí ó yẹ.

Onílé báǹkì wa náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń rí tí wọ́n ń ka owó lẹ́yìn gíláàsì, tí àwọn òbí wọn ń fi yangàn ní ìjọ, kì í ṣe òṣìṣẹ́ báǹkì náà. Ilé iṣẹ́ alágbàṣe kan ni ó gbà wọ́n, tí ó sì yá báǹkì wọn lò. Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, ṣùgbọ́n owó wọn kò sún mọ́ tiwọn, àtẹ̀gùn ìgbéga kò sì sí fún wọn. Àwọn tí ó sì jẹ́ òṣìṣẹ́ gan-an ni a ń fún ní iye owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ rí kó wọlé. Bí wọn kò bá rí i kó, ìwé ìdádúró lè dé ní òpin oṣù mẹ́ta. Owó rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Ó ní ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún òun nìkan ni ó kù nínú àwọn méjìdínlógún tí àwọn jọ wọlé.

Èrò tiwa, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ni pé kí òbí kọ́kọ́ bèèrè irú ọmọ tí òun ní kí ó tó bèèrè irú iṣẹ́. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ mọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí kò kọ́ṣẹ́ ọwọ́, yóò rí ohun tí ó sàn jù lọ́dọ̀ ìjọba bí ó bá ríṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má fi ọdún márùn-ún jókòó dè é nílé. Àwọn tí ń dúró pọ̀ ju àyè tí ó wà lọ, ìdúró náà sì jẹ́ owó tí kò wọlé. Ọmọ tí ó mọ ohun tí ènìyàn díẹ̀ mọ̀ kò ní jèrè ìmọ̀ rẹ̀ tó lábẹ́ ìpele ìjọba. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, kí ó bèèrè kí ó tó fọwọ́ sí ìwé: oṣù mélòó ni ẹ ń san lọ́dún? Ta ni agbanisíṣẹ́ mi gan-an? Ṣé ẹ ń dá owó ìfẹ̀yìntì, kí n sì rí ìwé rẹ̀?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí mú wa padà sílé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti dùn wá jù. Ilé ẹ̀kọ́ wa ti wà ní ìhà méjèèjì. Ìjọ ni ó dá a sílẹ̀ tí ó gba olùkọ́, ìjọba sì ń fi owó ìrànwọ́ san apá púpọ̀ nínú owó wọn. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba irú ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, àwọn olùkọ́ wa sì di òṣìṣẹ́ ìjọba. Láti ọdún 2001 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà, nígbà tí tiwa sì padà, ìjọ tún di agbanisíṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ aládàáni ni wá, bí a tilẹ̀ ń kọrin ìyìn láràárọ̀.

Ní sáà kejì ọdún tó kọjá, olùkọ́ físíìsì wa kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ìjọba gba olùkọ́ tuntun. Ìdánwò WAEC kù díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan tí ó jẹ́ ẹnjiníà ni ó ń wá ní Sátidé láti kọ́ àwọn ọmọ títí tí wọ́n fi ṣe é tán. Àwa méjì lọ bá olùkọ́ náà nílé, a rò pé owó ni. Ó fi ọ̀wọ̀ dá wa lóhùn pé owó tí òun ń gbà lọ́dọ̀ wa ju èyí tí ìjọba yóò kọ́kọ́ fún òun lọ. "Ẹ̀yin bàbá mi," ó ní, "ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí. Òfin ti fún olùkọ́ ìjọba láàyè láti ṣiṣẹ́ dé ọdún márùndínláàádọ́rin. Ẹ kò tíì fi ìdá mẹ́wàá yín sínú àpamọ́ mi láti oṣù mẹ́rìndínlógún. Àwọn àna mi ń bi mí pé kí ni n ó jẹ́ lọ́la." A kò rí èsì kankan fún un. A mu omi tí ìyàwó rẹ̀ gbé fún wa, a sì dìde.

Òótọ́ ni ó sọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì, tiwa sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀wọ́n gógó dé, a ń san owó oṣù láìfi ọjọ́ kan pẹ́, a sì ń fi èyí tí kò fojú rí sílẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti fún wa láyè láti kọ ọ́ síbí kí ẹ lè mọ̀.

A ti ṣírò rẹ̀. Fún olùkọ́ tí ń gba 150,000 náírà, ìdá tiwa jẹ́ 15,000 lóṣù, 180,000 lọ́dún. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò mẹ́fà tí a bẹ̀rù jù pé wọn yóò lọ jẹ́ 1,080,000 lọ́dún, láìka gbèsè tí ó ti wà nílẹ̀. Ìwé ìṣirò náà, pẹ̀lú ti gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù, wà lọ́wọ́ akápò ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni nínú yín sì lè bèèrè kí ó wò ó kí ìpàdé gbogbogbò tó jókòó ní ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún. Lára ohun tí ìpàdé náà yóò gbé yẹ̀ wò ni bóyá a ó kọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá tuntun tí a ti ń dá owó rẹ̀ jọ, tàbí a ó kọ́kọ́ san owó yìí.